Filter ímeèlì mi ló gbé iṣẹ́ mi pamọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ìwé lókè òkun tí ímeèlì ń rọ́ lù yín bí òjò, ẹ̀yin gan-an ni mo kọ ọ́ fún.

Nígbà tí mo wà lọ́dún kejì PhD mi níbí ní Kánádà, mailing list tí orúkọ mi wà lórí ẹ̀ ti di méje. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni mailing list, tó jẹ́ pé tí ẹnì kan bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, gbogbo ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ ló máa gbà á. Ẹ̀ka wa ní tiẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà ní tiwa, lab wa ní tiẹ̀, ilé tí mò ń gbé ní tiẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní tiẹ̀. Méjì tó kù jẹ́ ti iṣẹ́ ìwádìí. Ọ̀kan nínú wọn ni R-help, níbi tí àwọn tó ń fi R ṣe ìṣirò ti máa ń béèrè ohun tó bá rú wọn lójú. Tí mo bá sùn tí mo jí, ọgọ́ta ímeèlì lè ti wà nílẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta kẹ̀kẹ́. Ẹnì kan ní pízà ṣẹ́kù sí yàrá ìpàdé. Ẹnì kan dáhùn pé "o ṣeun," igba èèyàn ló sì gba "o ṣeun" yẹn.

Mo wá ṣe ohun tí gbogbo ayé máa ń gbani níyànjú pé ká ṣe. Mo ṣe filter. Mo ní gbogbo ímeèlì tó bá ti ní "grad" nínú àkọlé ẹ̀, kó má wọ inbox, kó gba inú fódà lọ, kó sì sàmì sí i pé mo ti kà á. Ìdí tí mo fi mú "grad" ni pé list àwa akẹ́kọ̀ọ́ yẹn máa ń fi [grad] ṣáájú àkọlé gbogbo lẹ́tà tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, inbox mi mọ́ tónítóní. Mo ń yangàn. Mo tún ń kọ́ àwọn ará lab wa bí àwọn náà ṣe máa ṣe tiwọn.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wọlé lọ́dún kan náà bi mí lójú ọ̀nà pé, "Kíláàsì wo ni wọ́n fún ẹ?" Mo ní, "Kíláàsì kẹ̀?" Ó ní, "TA ti sáà tó ń bọ̀ ni mò ń wí. Àbí o ò fọwọ́ sí tìẹ ni? Wọ́n ti parí ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn."

Ẹsẹ̀ mi ò kúrò lójú kan. Mo yọ fóònù, mo wá a, mo sì rí i. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀ rọ́dọ́rọ́dọ́. Kò tiẹ̀ gba orí list kankan wá. Èmi gan-an ni ọ́fíìsì kọ ọ́ sí, orúkọ mi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àkọlé ẹ̀ ni "Grad TA offer." Filter mi rí "grad," ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe: ó gbé e lọ sínú fódà tí pízà àti kẹ̀kẹ́ ti kún, ó sì sàmì sí i pé mo ti kà á. Nítorí àmì yẹn, fóònù mi ò dún, kò sì sí nọ́ńbà kankan tó yọ lára fódà náà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi láti dáhùn. Ọjọ́ kejìdínlógún ni mo rí i.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ò bú mi rárá, ó tiẹ̀ káàánú mi. Ṣùgbọ́n ó yí ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó fi ọjọ́ tó fi ránṣẹ́ hàn mí. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn. Kí ni mo tún fẹ́ wí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe TA rí mọ ohun tí owó yẹn jẹ́. Owó ilé mi fún sáà kan wà nínú ẹ̀. Inú ẹ̀ náà ni mo ti ṣèlérí fún àbúrò mi obìnrin tó wà ní poli n'Íbàdàn pé màá ti yọ owó ilé ìwé ẹ̀. Mo ní láti pe màmá mi.

Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú, owó tí mo sọ yẹn ò ní lè jáde mọ́."

Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò fún ẹ níṣẹ́ ọ̀hún mọ́ ni?"

Mo ní, "Wọ́n fún mi, mà. Wọ́n kọ̀wé sí mi. Mo ti ní kí kọ̀ǹpútà máa bá mi sẹ́ àwọn lẹ́tà tí mi ò nílò kúrò, ó wá sẹ́ ìyẹn náà mọ́ eèrí."

Ògì ni màmá mi fi tọ́ wa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Látìgbà tó ti ń bá ẹ sẹ́ ẹ, o ò gbé asẹ́ ọ̀hún wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Èmi tí mo ti ń sẹ́ ògì kí n tó bí ẹ, mi ò kì í ki ọwọ́ bọ ọ̀kà kí n má tíì gbé asẹ́ sójú ìmọ́lẹ̀ wò bóyá ó ti ya."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Èrò mi rèé. Mi ò sọ pé filter ò dáa. Ẹni tó bá ní ká yọ gbogbo filter kúrò, ká máa ka gbogbo lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni yẹn ò tíì rí ọgọ́ta ímeèlì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé filter tí a kàn ṣe tí a ò yẹ̀ wò mọ́, lẹ́tà la kàn ń dà nù, kì í ṣe pé a ń tò ó. Àwa tí a wà nílẹ̀ onílẹ̀, tó jẹ́ pé ímeèlì ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìwé ìgbélùú wa, owó wa àti iṣẹ́ wa máa ń gbà wá, kò yẹ ká fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Lẹ́yìn wàhálà yẹn, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nítòsí wa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, ó ti bà jẹ́." Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbúrò, kò bà jẹ́ o. Ohun tó o ní kó máa wò ló ń wò. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, kí lo ní kó máa wò?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ filter ò ju ìbéèrè yẹn lọ. Tí filter yín bá ń ṣe wérewère, tó ń gbé ohun tí ẹ ò rán an, tàbí tó ń fi ohun tí ẹ rán an sílẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ bú kọ̀ǹpútà. Ẹ bi ara yín pé: kí ni mo ní kó máa wò?

Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń ní kó wo àkọlé, bíi tèmi. Ìyẹn ló rọrùn jù, òun ló sì burú jù. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú àkọlé tiẹ̀. Ẹ má sì rò pé tí ẹ bá fi àmì [ ] sí i, ẹ ti bọ́. Tí Gmail bá ń wá nǹkan, kì í ka àmì yẹn sí. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ nìkan ló máa ń wá. Lẹ́tà R-help máa ń ní [R] ṣáájú àkọlé. Tí ẹ bá ní kí Gmail máa kó gbogbo ohun tó ní [R] lákọlé, lẹ́tà "R" lásán lẹ ní kó máa wá yẹn. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe lè kó yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Àwọn mìíràn máa ń ní kó wo ẹni tó fi ránṣẹ́. Ìyẹn náà ò dúró. Lórí mailing list, ẹni tó ń kọ̀wé ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Ohun mìíràn tún wà: ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Yahoo le ìlànà ẹ̀ pé kí àwọn tó ń gba lẹ́tà kọ ímeèlì tó bá ń jẹ́ orúkọ Yahoo àmọ́ tí kò ní ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ Yahoo ló ti wá. Ó dáa láti fi dènà àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó dá wàhálà sílẹ̀ fún mailing list, nítorí list ló máa ń tún lẹ́tà fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ list ló ti ń yí ibi tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà padà, wọ́n á fi àdírẹ́sì list fúnra ẹ̀ síbẹ̀. Tí filter yín tó ń wo orúkọ ẹnì kan bá ṣàdédé kú lọ́jọ́ kan, ó lè jẹ́ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ló pa á.

Àwọn kan á ní kó wo ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ìyẹn àdírẹ́sì list náà. Èyí sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó kọ ọ́ bá fi àdírẹ́sì list sí Bcc, kò ní hàn, filter á sì jẹ́ kó kọjá.

Èyí tó dáa jù ni ìlà kan tó wà lórí ímeèlì tí ojú wa kì í sábà rí, List-Id ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kọ ìlànà ẹ̀ sílẹ̀ ní 2001, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC 2919. List fúnra ẹ̀ ló máa ń fi ìlà yẹn sí gbogbo lẹ́tà tó bá gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́ tàbí ohun tó fi ṣe àkọlé. Ó dà bí ilà ojú: ẹ ò nílò láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni náà kẹ́ ẹ tó mọ ilé tó ti wá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí i: lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí lẹ́tà kan tó gba orí list náà wá. Ní Gmail, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà náà, kẹ́ ẹ tẹ Show original. Ní Thunderbird, ẹ tẹ Ctrl àti U. Ẹ máa rí ìlà jàgbàjàgbà púpọ̀, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ẹ wá List-Id nínú ẹ̀. Ti R-help ní r-help.r-project.org nínú. Tó bá jẹ́ Gmail, ẹ kọ list:r-help.r-project.org síbi tẹ́ ẹ ti ń wá nǹkan, ẹ ó rí i pé lẹ́tà list yẹn nìkan ló máa jáde. Tó bá ti jáde bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di filter. Orí kọ̀ǹpútà lẹ ti máa ṣe é o. App Gmail orí fóònù ò ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe filter.

Ìgbésẹ̀ tí mi ò gbé nìyẹn. Ká ní mo kọ́kọ́ wá "grad" kí n sì wo ohun tó jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mi ò bá ti rí i pé lẹ́tà ọ́fíìsì ti ọdún tó ṣáájú wà láàárín wọn. Asẹ́ ti ya kí n tó fi sẹ́ nǹkan kan.

List-Id náà ní ibi tí ọwọ́ ẹ̀ ò tó. Tí ẹnì kan bá dá yín lóhùn lórí list, tó sì tún fi àdírẹ́sì yín sí Cc, èyí tó wá tààrà sọ́dọ̀ yín ò ní List-Id. Mailman, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ètò tó pọ̀ jù tí wọ́n fi ń darí list, tún lè rí i pé ẹ ti wà ní Cc, kó má wulẹ̀ fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí yín mọ́. Ìdí nìyẹn tí èsì kan á fi wọ inbox tí àwọn ìyókù á wà ní fódà. Filter yín ò bà jẹ́. Èmi ò tiẹ̀ ka ìyẹn sí àléébù: ẹni tó dá mi lóhùn tààrà, ó yẹ kí n rí i.

Ẹ tún má fi ẹ̀sùn kan filter nítorí lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí list. Gmail kì í gbé ẹ̀dà tí list dá padà wá sí inbox yín, nítorí ó mọ̀ pé ẹ ti ní in níbi tí àwọn lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ wà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tó máa ń dàrú ni ètò ta ló ṣáájú. Ní Outlook àti Thunderbird, filter máa ń tẹ̀ léra láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ sì lè sọ fún ọ̀kan pé tó bá ti ṣiṣẹ́ tiẹ̀ tán, kí àwọn tó kù dúró. Níbẹ̀, ẹ fi èyí tó ń dáàbò bo lẹ́tà pàtàkì sókè pátápátá. Gmail ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo filter tó bá bá lẹ́tà mu ló máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Tí ọ̀kan bá ní kó fi ìràwọ̀ sí i, tí èkejì ní kó kúrò ní inbox, á gba ìràwọ̀, á sì tún kúrò ní inbox. Nítorí náà, inú filter tó ń gbé nǹkan kúrò gan-an lẹ ti máa kọ ọ́ pé "yàtọ̀ sí ẹni báyìí." Àmì ìyọkúrò ni wọ́n máa ń lò: ẹ fi - ṣáájú from: kẹ́ ẹ wá kọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì tẹ lé e.

Ohun kẹta: níbo ni filter yín ń gbé? Ti Gmail ń gbé lọ́dọ̀ Gmail, ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ sùn bẹ́ ẹ jí. Ti Thunderbird ń gbé lórí kọ̀ǹpútà yín. Tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa, kò sẹ́ nǹkan kan, fóònù yín á sì kún fún lẹ́tà. Mo mọ ẹni tó rò pé filter òun máa ń ṣàárẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ ló máa ń fi sílẹ̀ ní lab.

Àwọn tó ń ṣe ètò ímeèlì tiẹ̀ ní èdè kan tí wọ́n fi ń kọ filter sórí sáfà, 2008 ni RFC 5228 tó ṣàlàyé ẹ̀ jáde. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? Sieve. Asẹ́ nìyẹn o. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Wọ́n mọ̀ ọ́n, ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n."

Báwo ni mo ṣe ń ṣe tèmi báyìí? Gbogbo list ló ní filter tiẹ̀, List-Id ni gbogbo wọn ń wò. Kò sí èyí tó ń pa nǹkan rẹ́, kò sì sí èyí tó ń sàmì sí nǹkan pé mo ti kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kíkó lẹ́tà sí fódà ò pa mí lára tó àmì "mo ti kà á" yẹn, nítorí irọ́ ni. Mi ò kà á. Ká ní kò sàmì yẹn, màá ti rí nọ́ńbà lára fódà, ó lè mú mi yẹ̀ ẹ́ wò. List tí mi ò nílò mọ́, mo ti yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gba inú fódà kọ̀ọ̀kan kọjá, mo sì máa ń wá orúkọ ara mi pẹ̀lú in:anywhere nínú Gmail, nítorí láìsí ìyẹn, kì í wo inú spam àti ibi tí wọ́n ń da nǹkan nù sí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olóyè ẹgbẹ́ wa lókè òkun, ẹ má bínú sí mi. Lórí list kan ṣoṣo, a ó fi ìkéde òkú síbẹ̀, a ó fi owó ìdáwó síbẹ̀, a ó fi ìpàdé pẹ̀lú lọ́yà ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú síbẹ̀, a ó tún wá fi ẹ̀fẹ̀ àti fọ́tò ìnáwó kún un. Lẹ́yìn náà, a ó máa sọ pé àwọn èèyàn ò ka ìkéde mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kà á? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn láti máa sẹ́ yín dànù. Ẹ dá list méjì sílẹ̀: ọ̀kan fún ìkéde tí olóyè nìkan lè kọ nǹkan sí, èkejì fún eré. Ẹni tó bá fẹ́ ti etí sí eré á ti etí sí i, kò sì ní pàdánù òkú ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Sáà yẹn kọjá. Mo ṣiṣẹ́ alẹ́ ní láíbìrì, mo yáwó díẹ̀, àbúrò mi san owó ilé ìwé ẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn ẹni tó pẹ́. Kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Nítorí náà, lálẹ́ òní kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ ṣí ibi tí àwọn filter yín wà. Ẹ kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ni mo ní kó o máa wò. Èyí tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é, ẹ dá a dúró ná. Tẹ́ ẹ bá wá rí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì kọjá, ẹ pè mí, kí n bá yín dúpẹ́.